Àbíkú Sọ Olóògùn Dèké: Ta Ni Òpùrọ́ Nínú Àwọn Méjèèjì?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òwe yìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn. Ní ọjọ́ kan, mo bi wọ́n pé, “Nínú àbíkú àti olóògùn, ta ni òpùrọ́?” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní, “Àbíkú ni, sà.” Mo ní, “Irọ́ wo ni ó pa?” Kò rí èsì fọ̀. N kò bá a wí. Òwe náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé olóògùn ni ó di èké, nítorí òun ni ó ṣèlérí ìwòsàn tí ìwòsàn kò sì dé. Síbẹ̀, bí a bá pa á, ọmọ tí ó ń ṣàìsàn ni a máa ń na ìka sí.

Òwe yìí ká mi lára ju bí ó ti yẹ kí ó ká olùkọ́ èdè lọ. Ojú mi ni olóògùn kan ṣe pa á mọ́ àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi nígbà náà, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá wa ti san owó, ó ti fa ewúrẹ́ kalẹ̀, wọ́n ti sín ọmọ ní gbẹ́rẹ́ ní àyà àti ní ẹ̀yìn. Oṣù kan kò pé tí ó tún fi dùbúlẹ̀, tí ó ń ké nítorí ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀. Baba olóògùn wò ó, ó mi orí, ó pa òwe náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi wá kù sílẹ̀ pẹ̀lú ìrora rẹ̀ àti orúkọ òpùrọ́.

Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ohun tí ó burú jù nínú ọ̀pọ̀ ìwòsàn ẹ̀mí àti ìwòsàn ọkàn tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í ṣe pé wọn kì í jẹ́. Oògùn òyìnbó náà a máa kọ̀ láti jẹ́ nígbà mìíràn. Ohun tí ó burú ni pé nígbà tí wọn kò bá jẹ́, aláìsàn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.

Ọmọ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀

Ọmọ mẹ́fà ni ìyá wa bí. Méjì kú kí wọn tó pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ní 1974, orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ọ́. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí pé ó ti ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn kan, èébú ni àwọn mìíràn. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run sá.

Àwọn òbí wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́. Wọ́n bí ọmọ náà ní pípé, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó di bí oṣù méje, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ibà mú un, ojú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí osùn, lẹ́yìn náà ó di yẹ́lò. Kí ni ìbá mú kí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣàdédé yí padà, bí kò bá ṣe pé ẹnì kan ń pè é láti ibi tí ó ti wá?

Ọdún 1985 ni a tó mọ ìdáhùn, nígbà tí dókítà kan ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwé àyẹ̀wò gbé SS jáde. Wọ́n yẹ ti bàbá àti ìyá wa wò, AS ni àwọn méjèèjì. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ni ó ń ṣe àbúrò mi. Òru ọjọ́ náà ni mo rí i tí ìyá wa jókòó sí ẹ̀yìn ilé, tí ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ méjì tí ó ti lọ.

Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ

Ní 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago, James Herrick, kọ̀wé lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùsù Grenada tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èròjà pupa tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní hemoglobin, yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn bí ìyàtọ̀ náà ti kéré tó: nínú ẹ̀wọ̀n èròjà kan tí ó ní ẹyọ 146, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ẹyọ kan yẹn ni ó ń mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ le, kí ó tẹ̀, kí ó sì dí ojú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti lè kọjá ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó pé a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara, ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀ kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi tó wọn, tí ojú wọn sì máa ń pọ́n yẹ́lò.

Ìmọ̀ yìí tú àdììtú àbíkú ilé wa palẹ̀. Èròjà pupa tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀ sí ti àgbà, kì í sì í jẹ́ kí hóró ẹ̀jẹ̀ tẹ̀. Bí ó ti ń dín kù ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbí ni àìsàn máa ń yọjú. Bí àwọn òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS, oyún kan kò sì gba ti èkejì rò. Ìyẹn ni ọmọ kan fi ń kú tí èkejì ń yè, tí ẹ̀kẹta tún ń ṣe bí ti àkọ́kọ́. Àwọn baba ńlá wa rí i dáadáa pé ohun kan ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ilé kan náà. Ohun tí ó ń padà wá gan-an ni wọn kò mọ̀. Gbogbo àbíkú kọ́ ni fòníkú-fọ̀la-dìde, nítorí pé ibà, èéyí àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, kò sí bí àìsàn yìí kò ṣe ní wà lára ohun tí a fún ní orúkọ yẹn.

Bí ó ṣe jẹ́ pé AS pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa náà ní ìdí. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ tí ó jẹ́ AS. Ààbò tí ó gba àwọn kan lọ́wọ́ ibà ni ó di ìyà fún àwọn mìíràn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé ẹ̀rí tí mo gbé lọ sí ilé àdúrà

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí lè rò pé láti ìgbà náà ni mo ti gbọ́n. Rárá o. Ní 1998, nígbà tí àbúrò mi pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a lọ sí ìsọjí kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà níbẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní Ọlọ́run ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. A lọ. AS ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Èmi ni mo gbé ìwé náà sókè níwájú ìjọ. Èmi, olùkọ́, tí mo ti ka ìwé, ni mo ní kí àwọn èèyàn wo iṣẹ́ ìyanu. Nígbà tí a dé ilé, èmi náà ni mo kó fólíìkì rẹ̀ àti Paludrine tí ó ń lò nítorí ibà, mo sì dà wọ́n nù. Mo ní kò yẹ kí á máa fi ẹsẹ̀ kan gbàgbọ́ kí á máa fi èkejì ṣiyèméjì.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ibà dá a dùbúlẹ̀, ìrora sì gbé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà ní ilé àdúrà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi pamọ́, nítorí pé Ọlọ́run kì í gba ohun tí ó bá ti fúnni padà láìnídìí. Kò rí nǹkan kan jẹ́wọ́. Wọ́n ní àìgbàgbọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹta, kò mọ ẹni tí ó gbé e mọ́.

Dókítà tí ó gba a sílẹ̀ gba ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Ìgbà wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kẹ́yìn kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò yìí?” Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni a yẹ̀ wò. Àwọn tí wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ jẹ́ AA, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ SS. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara kan, A àti S ni ẹ̀rọ yóò fi hàn, ẹni tí kò bá béèrè ìtàn aláìsàn yóò sì kọ AS. Ó ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ni ó yẹ kí á dúró. Nígbà tí àkókò náà pé, a tún un ṣe. SS ni.

N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni padà sí orí àga ìwàásù láti sọ èyí. Èmi náà kò lọ. Ìtìjú ni ó dá mi dúró, ẹ̀rí èké tí mo jẹ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ta ni ó mọ iye ìyá tí ó torí ìwé tí mo gbé sókè da oògùn ọmọ rẹ̀ nù?

Ẹ̀bi di ti ọkàn

Ní 2001, ẹnì kan mú àbúrò mi mọ agbaninímọ̀ràn kan tí ó ní òun ń fi ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá wo àìsàn. Ẹni yìí kò dárúkọ ẹ̀mí, kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ìbínú tí kò jáde ni ó ń di ìrora nínú eegun. Ó bi í léèrè títí tí ó fi rí i pé inú rẹ̀ kò dùn sí bàbá wa, ó sì ní bí ó bá lè dárí jì í tọkàntọkàn, ara yóò dá. Àbúrò mi kọ lẹ́tà sí bàbá wa. Bàbá kà á, ó sunkún, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn rẹ́. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, ìrora dé. Agbaninímọ̀ràn náà ní ìdáríjì náà kò tíì dénú.

Òtítọ́ kékeré kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdààmú ọkàn lè wà lára ohun tí ó ń ru ìrora sókè, bí òtútù, òùngbẹ omi àti àìsàn mìíràn ti ń ṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, a sì máa lè fara da ìrora ju ẹni tí ẹ̀rù ń bà lọ. Bí agbaninímọ̀ràn bá ní ìyẹn ni òun lè ṣe, kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á ran aláìsàn lọ́wọ́ láti gbé ẹrù rẹ̀ yàtọ̀ sí kí á sọ fún un pé òun ni ó di ẹrù náà lé ara rẹ̀ lórí.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Olóògùn ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ẹ̀ṣẹ̀ àti àìgbàgbọ́ ni. Agbaninímọ̀ràn ní ìbínú ni. Ẹnu wọn kò kò lórí ohun tí ó fa àìsàn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́bi kan náà ni gbogbo wọn mú. Orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ni ó pọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ kún un pé ilé ìwòsàn náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún àbúrò mi pé abẹ́rẹ́ ni ó ti mọ́ ọn lára, pé kò sí ìrora kankan tí ó ń gbọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń dà bí ẹni pé wọ́n ń jẹ́

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Ṣé irọ́ ni gbogbo ẹ̀rí tí àwọn èèyàn ń jẹ́ ni?” Rárá, ọ̀pọ̀ wọn kò purọ́. Orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn náà ni ó ní ìdáhùn. Fòníkú-fọ̀la-dìde: ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde. Ìkọlù ìrora a máa wá, a máa le, a sì máa lọ fúnra rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kàn án nígbà tí ó kú díẹ̀ kí ó lọ ni yóò gba ògo. Ìgbà tí ìrora bá sì le jù ni a máa ń sáré wá wòlíì tàbí olóògùn, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn líle jù, dídẹ̀ ni ó kàn. Àìsàn tí ó bá ń dìde fúnra rẹ̀ ní ọ̀la yóò sọ gbogbo ẹni tí ó wò ó lónìí di oníṣẹ́ ìyanu.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi ẹni tí ó bá ní òun lè wo àìsàn báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí yóò mú kí o gbà pé ìwòsàn rẹ kò jẹ́? Bí kò bá sí ohun kankan, bí ó bá jẹ́ pé bí ara bá yá, iṣẹ́ rẹ ni, bí kò bá sì yá, ẹ̀bi aláìsàn ni, a jẹ́ pé kò sí ohun tí a lè fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ rárá.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àṣà òyìnbó. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe àbíkú náà ni wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Ẹ wo ọgbọ́n inú òwe yẹn! Kò dá aláìsàn lẹ́bi. Inú àpò olóògùn ni ó ní kí á padà lọ wò. Ní 1971, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Lloydia pé omi gbòǹgbò orín àtà lè mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ṣe yẹ nínú ohun èlò àyẹ̀wò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ohun èlò kò túmọ̀ sí pé yóò ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí ni pé wọ́n mú ewé wa, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè tí ó lè dáhùn sí ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó ti mú wa dé ibi tí a dé lónìí. Pẹnisílìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ SS là lọ́wọ́ àrùn. Oògùn ibà, omi mímu dáadáa àti fólíìkì wà lára ìtọ́jú ojoojúmọ́. Hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 1998, ń dín ìkọlù ìrora kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí dókítà bá ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Fífi mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíràn pààrọ̀ ti aláìsàn ti wo àwọn kan sàn pátápátá. Ní ìparí ọdún 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe, ṣùgbọ́n ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Òtítọ́ yìí korò. Ìwòsàn wà, ọwọ́ wa kò tó o. Mo mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ kò bá tó ni ìlérí ọ̀fẹ́ ti ń rí àyè wọlé.

Àgbálọgbábọ̀

Àbúrò mi ṣì wà láàyè, ó dúpẹ́, mo dúpẹ́. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn, nítorí pé oríkèé ìtan rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́. N kò lè búra pé oògùn tí mo dànù ni ó fà á, nítorí pé àìsàn yìí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò fi oògùn ṣeré rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ibà ọdún yẹn kò bá má rí i mú, àti pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò yẹ kí ó rí bí ó ṣe rí. Ó ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀, èmi náà ń bá a ṣe àmín. Kò tún fi àdúrà rọ́pò oògùn mọ́.

Nígbà tí mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ó sọ ni pé, “Bọ̀dá mi, ìrora náà ti tó mi í gbé. Ẹ̀bi tí ẹ fi ń kún un ni kò jẹ́ kí n lè nàró.” Ó sọ “ẹ” náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ni. Gbogbo wa ni ó ń bá wí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ọmọ kan yóò wà ní kíláàsì yín tí kì í wá déédéé, tí ojú rẹ̀ pọ́n yẹ́lò, tí ó ń tọrọ àyè láti lọ mu omi nígbà gbogbo. Ẹ má nà án. Ẹ má pè é ní àbíkú, ẹ má sì sọ fún un pé kí ó gbàgbọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó mu omi, kí ẹ sì pe àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe, ẹ pa méjèèjì fún wọn pọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àbíkú sọ olóògùn dèké, kí wọ́n tún gbọ́ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi wọ́n léèrè ta ni òpùrọ́.